Iṣan Ẹ̀jẹ̀ Tó Wú: Nígbà Wo Ni Ó Yẹ Kí A Gbé Ọ̀bẹ Sí I?

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe èyí tí a lérò láti kọ. Ọmọ kéwú wa àtijọ́ kan, tí ó ti ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù láti nǹkan bí ogún ọdún, ni ó fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí wa lórí fóònù ní òru ọjọ́ kan. Bàbá rẹ̀ ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ níbẹ̀, wọ́n sì ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọmọ ọdún 65 ni. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bí ọkùnrin bá ti tó ọjọ́ orí yìí, ètò ìlera ìjọba a máa kọ̀wé pè é pé kí ó wá ya sikáànì ikùn, bí ara rẹ̀ tilẹ̀ dá ṣáṣá. Bàbá lọ. Wọ́n ní iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá tí ó gba inú ikùn wọn kọjá ti wú, pé fífẹ̀ rẹ̀ ti tó sẹ̀ǹtímítà 4.6. Gbogbo ilé rò pé ọjọ́ iṣẹ́ abẹ ni wọn yóò dá. Àwọn dókítà ní kí bàbá máa lọ sílé, kí wọ́n padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta kí àwọn tún un wọ̀n.

Níbẹ̀ ni ìjà ti bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn ọmọ. Àwọn kan ní a kì í fi iná sórí òrùlé sùn: bí wọ́n bá ti rí i, kí wọ́n yọ ọ́. Àwọn mìíràn ní àgbàlagbà kò ṣeé fi ọ̀bẹ là, kí a fi í sílẹ̀ fún kádàrá. Ọ̀kan nínú wọn tilẹ̀ ní nítorí pé bàbá jẹ́ àlejò ni wọn kò ṣe fẹ́ náwó lé wọn lórí. Ọmọ náà wá béèrè pé, "Ààfáà, kí ni kí a ṣe?"

A kì í ṣe dókítà. Iṣẹ́ wa kò ju kí a kọ́ ọmọ ní alífábẹ́ẹ̀tì Lárúbáwá àti gírámà lọ. Ṣùgbọ́n a fẹ́ràn ìtàn, a sì mọ̀ pé ìbéèrè tí ìdílé yìí ń bi wá ti pẹ́ láyé, pé àwọn ọlọ́gbọ́n ti fi orí wọn rò ó, àwọn mìíràn sì ti fi ẹ̀mí wọn dáhùn rẹ̀. Ohun tí a kọ ránṣẹ́ sí wọn ni a fẹ̀ lójú síhìn-ín.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí a ń sọ. Láti inú ọkàn ni iṣan ńlá yìí ti jáde. Àwọn dókítà ń pè é ní aorta, àwọn Lárúbáwá sì ń pè é ní abhar. Ó gba àyà sọ̀kalẹ̀ wá sínú ikùn, nítòsí ìdodo ni ó sì ti pín sí méjì fún ẹsẹ̀ ọ̀tún àti ẹsẹ̀ òsì. Òun ni odò tí gbogbo odò ẹ̀jẹ̀ yòókù ti ń ṣàn jáde. Nínú ikùn, fífẹ̀ rẹ̀ kò ju nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 2 lọ. Bí ara rẹ̀ bá rọ̀ níbì kan, nítorí ọjọ́ orí, nítorí sìgá mímu, nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí nítorí pé ó wà nínú ẹbí, ibẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í yọ gẹ̀gẹ̀, bí tìúbù kẹ̀kẹ́ ṣe máa ń yọ gẹ̀gẹ̀ níbi tí rọ́bà rẹ̀ bá ti fẹ́lẹ́. Bí ó bá ti tó sẹ̀ǹtímítà 3, wọn yóò ní ó ti wú. Kì í sábà dunni. Ẹni tí ó ní in lè máa rìn, kí ó máa jẹun, kí ó máa kírun, láìmọ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá bẹ́, nínú ènìyàn mẹ́wàá, ó tó mẹ́jọ tí kì í yè é, ọ̀pọ̀ wọn kì í sì í dé ilé ìwòsàn rárá.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ilé kéwú, ẹ mọ tasrif, ẹ sì mọ bí ó ti ń dà yín láàmú nígbà tí a bá ní kí ẹ to ọ̀rọ̀-ìṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Tasrif mìíràn wà tí ó jẹ́ ìwé ìṣègùn. Abu al-Qasim al-Zahrawi ni ó kọ ọ́ ní agbègbè Kọ́dọ́bà, ní ilẹ̀ Andalus, ní nǹkan bí ọdún 1000. Ìwé 30 ni ó wà nínú rẹ̀, èyí tí ó kẹ́yìn sì dá lórí iṣẹ́ abẹ, pẹ̀lú àwòrán irin iṣẹ́ tí ọkùnrin náà ń lò. Wọ́n túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Látìn ní Tòlédò nígbà ayé Gerard ará Cremona, ó sì di ìwé tí àwọn oníṣẹ́ abẹ ilẹ̀ Yúróòpù ń kà fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún. Al-Zahrawi sọ̀rọ̀ lórí iṣan tó wú. Ó kọ́ni bí a ṣe lè so èyí tí ó kéré ní apá tàbí ẹsẹ̀ lókè àti nísàlẹ̀. Ṣùgbọ́n ó kìlọ̀ fún oníṣẹ́ abẹ pé èyí tí ó wà ní ọrùn, ní abíyá tàbí ní ìpàkọ́ itan, tí ó sì tóbi, kí ó má ṣe fi irin kàn án. Ìkìlọ̀ yẹn ni a fẹ́ kí ẹ dì mú. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ̀ ọ̀bẹ jù lọ ní ayé ìgbà náà ni ó sọ pé ọ̀bẹ ní ibi tí kì í dé.

Ó pẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó rú òfin yẹn nínú ikùn. Ní ọdún 1817, ní Lọ́ńdọ̀nù, Astley Cooper so iṣan ńlá náà fún ọkùnrin kan tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀. Ọkùnrin náà kò lò tó ọjọ́ méjì lẹ́yìn rẹ̀. Ó di ọdún 1923 kí Rudolph Matas tó so ó ní Amẹ́ríkà, kí aláìsàn sì yè é. Fún gbogbo ìgbà yẹn, ìbéèrè "nígbà wo" kò tíì sí. Ta ni yóò béèrè ìgbà tí ó yẹ kí a ṣe ohun tí kò sẹ́ni tó lè ṣe?

Ìgbà tí ìbéèrè náà kọ́kọ́ kan ẹni tí gbogbo ayé mọ̀ ni ìgbà tí ó kan Albert Einstein. Ní oṣù December ọdún 1948, ọkùnrin onímọ̀ sáyẹ́ǹsì yìí, tí ó jẹ́ ẹni ọdún 69, dùbúlẹ̀ ní ilé ìwòsàn kan ní Brooklyn nítorí inú rírun. Rudolf Nissen ni ó la ikùn rẹ̀. Jámánì ni Nissen náà ti wá. Nígbà tí ìjọba Hitler dé ní ọdún 1933, ó sá lọ sí Ìsítáńbù, ó ṣe olórí ẹ̀ka iṣẹ́ abẹ ní yunifásítì ibẹ̀ kí ó tó kọjá sí Amẹ́ríkà. Ohun tí ó bá nínú ikùn Einstein ni iṣan ńlá tí ó ti wú tó ọsàn ńlá, irú èyí tí a ń pè ní gíréèpù. Kò sí ọ̀nà láti yọ ọ́ nígbà náà. Nissen mú seloféènì, ọ̀rá tí ń dán gbinrin, irú èyí tí wọ́n fi ń wé páálí sìgá, ó fi wé iṣan náà yíká. Èrò rẹ̀ ni pé ara yóò bínú sí ọ̀rá yìí, yóò sì mú ẹran líle hù yí iṣan náà ká, kí ó má baà tètè bẹ́. Bí a bá gbọ́ ọ lẹ́nu adáhunṣe, a ó rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n Einstein fi lo ọdún mẹ́fà lé díẹ̀ sí i, ó ń ṣe ìṣirò rẹ̀, ó ń rìn lọ sí ibi iṣẹ́ ní Princeton.

Ní oṣù April ọdún 1955, iṣan náà bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Ayé ti yí padà láàárín ìgbà náà. Ní oṣù March ọdún 1951, ní Párísì, Charles Dubost ti gé iṣan tó wú kúrò nínú ikùn ọkùnrin kan, ó sì ti fi iṣan tí a yọ lára òkú dípò rẹ̀. Nítorí náà, Frank Glenn, oníṣẹ́ abẹ kan láti New York, wá sọ́dọ̀ Einstein, ó ní kí àwọn gbìyànjú rẹ̀. Bàbá náà kọ̀. Ohun tí ó sọ ni pé òun ti ṣe ìwọ̀n tòun láyé, pé kò wu òun kí a máa fi ọgbọ́n ọwọ́ fa ẹ̀mí òun gùn, pé nígbà tó bá wu òun ni òun fẹ́ lọ. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, ó ní kí wọ́n mú awò ojú òun àti ìwé ìṣirò òun wá. Ní òru mọ́jú ọjọ́ 18 oṣù April, ó kú, ó jẹ́ ẹni ọdún 76.

Àwọn kan ń fi ìtàn yìí kọ́ni pé kí àgbàlagbà máa kọ iṣẹ́ abẹ. A kò rò bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n fi lọ̀ ọ́ kò tíì pé ọdún márùn-ún láyé, iṣan rẹ̀ sì ti bẹ́ ná. Ohun tí àwa rí níbẹ̀ ni pé ọkùnrin náà ti mọ̀ láti ọdún 1948 pé nǹkan yìí wà nínú òun. Ó ní ọdún mẹ́fà láti fi rò ó. Nígbà tí wọ́n bi í, èsì rẹ̀ ti wà nílẹ̀, òun tìkára rẹ̀ ni ó sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Charles de Gaulle kò rí irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 9 oṣù November ọdún 1970, ní ilé rẹ̀ ní abúlé Colombey, ó ń ta káàdì lórí tábìlì kí oúnjẹ alẹ́ tó dé nígbà tí iṣan inú ikùn rẹ̀ bẹ́. Kò pẹ́ tí ó fi kú. Kò sí sikáànì tí ó ti sọ fún un.

Ẹni tí ó sọ iṣẹ́ abẹ yìí di ohun tí a lè ṣe lójoojúmọ́ ni Michael DeBakey, ní ìlú Houston ní Amẹ́ríkà. Orúkọ yẹn dún bí ti Faransé, ṣùgbọ́n Lárúbáwá ni. Ará Lẹ́bánọ́ọ̀nù ni àwọn òbí rẹ̀, Dabaghi sì ni orúkọ ìdílé wọn kí ahọ́n àwọn ará Amẹ́ríkà tó yí i padà. Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ Lárúbáwá ẹ mọ dabbāgh, ẹni tí ń ṣe awọ ẹran. Ìyá rẹ̀ ni ó kọ́ ọ ní aṣọ rírán ní kékeré, ẹ̀kọ́ yẹn kò sì ṣòfò. Iṣan òkú kì í pọ̀, kì í sì í pẹ́ lára. DeBakey ń wá aṣọ tí ó lè rán bí ọ̀pá kí ẹ̀jẹ̀ lè gba inú rẹ̀ kọjá. Ó lọ sí ilé ìtajà láti ra náílọ́ọ̀nù, wọ́n ní ó ti tán, ó kù Dacron, aṣọ tuntun kan. Ó rà á, ó gbé e lọ sílé, ó fi ẹ̀rọ ìránṣọ ìyàwó rẹ̀ rán an. Láti ọdún 1954 ni ó ti ń fi irú aṣọ yìí dípò iṣan fún ènìyàn, títí di òní sì ni wọ́n ń lò ó. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ iṣẹ́ télọ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fojú tín-ín-rín yín.

Nísinsìnyí tí iṣẹ́ náà ti ṣeé ṣe, ìbéèrè wa dé. Bí iṣan bá wú díẹ̀, ṣé kí a tètè gé e nígbà tí ara ṣì le, tàbí kí a dúró? Fún nǹkan bí ogójì ọdún, bí ọkàn dókítà kọ̀ọ̀kan bá ti sọ ni ó ń ṣe. Àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n kọ́kọ́ fi òdiwọ̀n wò ó dáadáa. Láàárín ọdún 1991 sí 1995, wọ́n kó ènìyàn 1,090 jọ, àwọn tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín 60 sí 76, tí iṣan wọn sì wà láàárín sẹ̀ǹtímítà 4.0 sí 5.5. Wọ́n ṣẹ́ gègé. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún apá kan lójú ẹsẹ̀. Wọ́n ń fi sikáànì ṣọ́ apá kejì, wọn kò sì fi ọ̀bẹ kàn án àfi bí iṣan bá kọjá 5.5, tàbí bí ó bá ń yára fẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 1 lọ lọ́dún, tàbí bí ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í dunni.

Èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 1998. Lẹ́yìn ọdún mẹ́fà, nínú 100, ènìyàn 64 ni ó ṣì wà láàyè ní apá kìíní. Ní apá kejì náà, 64 ni. Àwọn tí wọ́n tètè gé kò jèrè ohun kan lórí ẹ̀mí gígùn. Kí ló fà á? Iṣẹ́ abẹ náà fúnra rẹ̀ ń pànìyàn: nínú 100 tí wọ́n gé lójú ẹsẹ̀, bí 6 ni ó kú kí oṣù kan tó pé. Iṣan kékeré ní tirẹ̀ kì í sì í sábà bẹ́, bí ẹnì kan nínú 100 ni lọ́dún kan. Nítorí náà, ẹni tí ó yára gé èyí tí ó kéré ń sá fún ẹkùn tí ó ń sùn, ó sì ń kó sẹ́nu ìkookò tí ó jí. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n tún un ṣe fún ènìyàn 1,136, èsì wọn jáde ní ọdún 2002, bákan náà ni ó rí.

Ibi tí nọ́ńbà 5.5 ti wá nìyẹn. Kì í ṣe pé ẹnì kan jókòó sí ọ́fíìsì, ó sì dá a láti fi fún àlejò ní ìyà. Lókè 5.5, ewu kí iṣan bẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ju ewu ọ̀bẹ lọ. Fún obìnrin, 5.0 ni ọ̀pọ̀ dókítà ń lò, nítorí pé tiwọn máa ń bẹ́ nígbà tí kò tíì tóbi tó ti ọkùnrin. Ẹni tí iṣan rẹ̀ bá sì ń dun ún ní ikùn tàbí ní ẹ̀yìn kò gbọdọ̀ dúró de nọ́ńbà kankan.

A fẹ́ kí ẹ kíyè sí ohun mìíràn kan nínú ìwádìí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yẹn. Nínú àwọn tí wọ́n ní kí wọ́n dúró, ó ju ìdajì lọ tí wọ́n padà wá ṣe iṣẹ́ abẹ náà, nígbà tí iṣan wọn dàgbà tó. Ìdúró tí wọ́n dúró, ìdúró ọdẹ ni, kì í ṣe ti ẹni tí ó sùn lọ. Ẹni tí wọ́n bá ní kí ó wá ní oṣù mẹ́ta tí kò lọ ti kúrò nínú ìwádìí yẹn, nọ́ńbà rẹ̀ kò sì dáàbò bò ó mọ́.

Ọ̀nà kejì wà lónìí. Ní ọdún 1990, ní ìlú Buenos Aires, Juan Parodi ti ọ̀pá aṣọ sínú iṣan láti ìpàkọ́ itan láìla ikùn rárá. Nígbà tí wọ́n fi ọ̀nà méjèèjì wéra ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí èsì jáde ní ọdún 2004, bí 5 nínú 100 ni ó kú láàárín oṣù kan lẹ́yìn lílà ikùn, kò sì tó 2 lẹ́yìn ọ̀nà ti itan. Ṣùgbọ́n wọ́n ń ṣọ́ wọn lọ, nígbà tí ọdún kọjá mẹ́jọ, àwọn tí wọ́n la ikùn wọn ni ó ń pẹ́ jù, nítorí pé ọ̀pá ti itan a máa yẹ̀, a máa jò, a sì máa gba àbójútó títí ayé. Nítorí náà ọjọ́ orí, ọkàn, kíndìnrín àti ẹ̀dọ̀fóró aláìsàn ni dókítà máa ń wò pọ̀ mọ́ fífẹ̀ iṣan.

Ẹ jẹ́ kí a padà sọ́dọ̀ DeBakey, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ gbé le jù. Ní ọjọ́ 31 oṣù December ọdún 2005, ó jókòó sí yàrá ìkàwé rẹ̀, ó jẹ́ ẹni ọdún 97, ìrora kan sì gba àyà rẹ̀ kọjá. Òun tìkára rẹ̀ mọ ohun tí ó jẹ́: inú iṣan ńlá náà ti ya nítòsí ọkàn, ẹ̀jẹ̀ sì ń wọ àárín awẹ́ rẹ̀. Àìsàn tí ó fi ayé rẹ̀ wò ni ó dé bá a. Ó kọ iṣẹ́ abẹ. Ó sọ ọ́, ó sì wà nínú ìwé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù January, iṣan náà jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 5.2. Nígbà tí yóò fi di ọjọ́ 9 oṣù February, ó ti di 7.5, DeBakey kò sì mọ ara rẹ̀ mọ́.

Ta ni yóò wá pinnu? George Noon, tí wọ́n ti jọ ń ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, fẹ́ gé e. Àwọn dókítà tí ń fún aláìsàn lóògùn oorun ní ilé ìwòsàn náà kọ̀, wọ́n ní ọkùnrin yìí ti ní òun kò fẹ́, pé àgbà yìí kò ní jí. Ìgbìmọ̀ jókòó lóru láti gbọ́ ẹjọ́ náà. Katrin, ìyàwó rẹ̀, já wọlé, ó ní kí wọ́n ṣe é kíákíá, ọkọ òun ń kú lọ. Wọ́n rí dókítà mìíràn tí ó gbà, wọ́n sì fi nǹkan bí wákàtí méje ṣe é títí di òwúrọ̀. Wọ́n fi Dacron dípò iṣan rẹ̀, aṣọ tí ó ti fi ẹ̀rọ ìyàwó rẹ̀ rán ní ìjelòó. Ó wà ní ilé ìwòsàn fún ọ̀pọ̀ oṣù, owó rẹ̀ ju mílíọ̀nù kan dọ́là lọ. Ó jí, ó padà sẹ́nu iṣẹ́, ó sì sọ pé inú òun dùn pé wọ́n ṣe é. Ní ọjọ́ 11 oṣù July ọdún 2008 ni ó kú, ó ku oṣù díẹ̀ kí ó pé ọgọ́rùn-ún ọdún.

Ìtàn yìí kì í jẹ́ kí a sùn. Bí wọ́n bá tẹ̀lé ohun tí ó sọ, ì bá ti kú. Wọ́n tàpá sí i, ó sì dúpẹ́. Àwa kò dá ìyàwó lẹ́bi, a kò sì dá àwọn tí wọ́n kọ̀ lẹ́bi, nítorí ọ̀rọ̀ aláìsàn ni wọ́n dì mú. Ohun tí ó dùn wá ni pé ọ̀gá àwọn oníṣẹ́ abẹ iṣan, tí ó mọ̀ ju gbogbo ayé lọ, kò fi ẹnì kan sílẹ̀ tí gbogbo wọn gbà pé ó lè fi ẹnu rẹ̀ sọ̀rọ̀, tí ó fi di pé ìyàwó ní láti fi ìkanra já ilẹ̀kùn ìgbìmọ̀ lóru.

Èyí ni a kọ sí ọmọ kéwú wa. A ní kí wọ́n lọ bi dókítà ní ohun mẹ́rin: báwo ni ó ṣe fẹ̀ tó, báwo ni ó ṣe ń yára tó, ọ̀nà wo ni ara bàbá lè gbà nínú méjèèjì, àti èèyàn mélòó ni ilé ìwòsàn náà ti ṣe é fún. A ní kí bàbá jáwọ́ nínú sìgá lọ́jọ́ náà gan-an, nítorí èéfín rẹ̀ a máa mú kí ó yára dàgbà. Ọ̀rọ̀ kádàrá tí àwọn kan mú wá, a ní ẹni tí ó ń ṣọ́ iṣan rẹ̀ ń wá sábàbí ni, kò bá kádàrá jà. A sì ní kí gbogbo wọn jókòó yí bàbá ká nígbà tí ara wọn ṣì dá, kí wọ́n bi wọ́n, kí wọ́n sì dákẹ́ gbọ́ èsì.

Wọ́n ṣe é. Bàbá ní bí ó bá tó 5.5, kí wọ́n ṣe é láti itan bí dókítà bá gbà, ṣùgbọ́n kí òun kọ́kọ́ wá sílé wá rí ẹ̀gbọ́n òun obìnrin. Wọ́n ní ọmọbìnrin wọn kejì ni kí dókítà máa bá sọ̀rọ̀ bí òun kò bá lè sọ̀rọ̀ mọ́, àkọ́bí ọkùnrin kò sì bínú, tàbí kó jẹ́ pé kò sọ fún wa ni. Wọ́n ti wọn iṣan náà lẹ́ẹ̀mẹta báyìí. Sẹ̀ǹtímítà 4.8 ni ó wà nígbà tí wọ́n wọ̀n ọ́n kẹ́yìn, bàbá sì ti ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú fún oṣù tí ń bọ̀.